Iye tó tọ́ sí ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ àtijọ́ wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwa òǹkàwé yín kọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, nínú èyí tó ti fẹjọ́ mẹkáníìkì kan sùn pé ó ń béèrè owó gọbọi lórí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan, kìkì nítorí pé mẹkáníìkì náà mọ̀ pé ara ọkọ̀ ẹni yìí gan-an ni wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì ọ̀hún nígbà kan rí. Òǹkọ̀wé náà ní olè ni irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó sì ní iye tí wọ́n ń ta irin kóńdẹ́ẹ̀mù ló yẹ kí wọ́n gbà, kí wọ́n sì dúpẹ́. Mo bá a kẹ́dùn, nítorí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ti kan èmi náà, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìdájọ́ rẹ̀. Iye kóńdẹ́ẹ̀mù kò tọ́, iye tí mẹkáníìkì náà pè kò sì tọ́. Iye tó tọ́ ṣeé ṣírò, bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá lè fara balẹ̀ ya owó irin sọ́tọ̀ kúrò lára owó nọ́ńbà, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì.

Ìjàpá ni ọkọ̀ tèmi, èyí tí àwọn tó ṣe é ń pè ní Volkswagen Beetle. Bàbá mi rà á ní tuntun ní Ìbàdàn lọ́dún 1966, nígbà tí ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń gbà lójú títì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ rẹ̀ wà. Nígbà tí Nàìjíríà yí padà sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, bàbá mi kò pààrọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ló ń jókòó sí láti ìgbà náà lọ, ẹnikẹ́ni tó bá sì jókòó tì í ló gbọ́dọ̀ bá a yọrí wo iwájú kó tó lè ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 1300 ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí fi sínú Ìjàpá láti oṣù Kẹjọ ọdún 1965, lẹ́tà F ló sì ṣáájú nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ti ara ọkọ̀, tí wọ́n tẹ̀ sára irin tó gba àárín ọkọ̀ kọjá lábẹ́ àga ẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 116, níbi tí 6 ti dúró fún 1966. Nọ́ńbà méjèèjì wà nínú ìwé ọkọ̀ bàbá mi, tí akọ̀wé kan fi gègé kọ, tí ìwé náà sì ti pọ́n bí ewé gbígbẹ báyìí.

Ní 1984, fáàfù kan já nínú silíńdà kẹta. Kò ní ya àwọn tó mọ Ìjàpá dáadáa lẹ́nu, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, kò lo omi, àti pé nínú àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1971, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára dúró gẹ́lẹ́ sí ojú ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé silíńdà kẹta, tó fi jẹ́ pé òun ló máa ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Mẹkáníìkì bàbá mi yọ ẹ́ńjìnnì náà, ó fi òmíràn tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá rọ́pò rẹ̀, ó sì gba ti àtijọ́ sọ́wọ́ kó tó dín owó kù fún bàbá mi. Rìsíìtì ọjọ́ náà ṣì wà. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àwọn kan nínú ẹbí sọ fún mi pé kí n má san kọ́bọ̀, pé ohun ìní bàbá wa ni. Kì í ṣe ohun ìní wa mọ́. Bàbá wa ti gba owó lórí rẹ̀.

Bàbá mi ti di ẹni ilẹ̀, mẹkáníìkì náà pẹ̀lú. Ọmọ rẹ̀, tó jogún ṣọ́ọ̀bù, ń palẹ̀ mọ́ lọ́dún tó kọjá, ló bá rí ẹ́ńjìnnì náà nínú àpótí onígi, tí bàbá rẹ̀ fi tapólì dì, tó sì da ọ́ìlì sínú rẹ̀ kí ìpẹtà má baà mú un. Ó ka nọ́ńbà, ó rántí ọkọ̀ wa, ó sì pè mí lórí fóònù. Mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé tí mo ń fèsì sí yìí ro ibẹ̀ dáadáa: ọmọkùnrin náà lè pe àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò ra irin, kó sì gba owó ìrẹsì lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó ní ₦1,500,000 ni òun yóò gbà.

Inú mi ru. Mo bi í léèrè bóyá ó mọ̀ pé mo lè rí ẹ́ńjìnnì 1300 tó ń ṣiṣẹ́ rà ní Aráròmí, ní Agodi Gate, ní ₦400,000, nígbà tí tirẹ̀ kò tilẹ̀ lè yí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, tótó ó ṣe bí òwe o, ẹni tó mọ iyì wúrà là ń tà á fún.” Òwe kì í jẹ́ kéèyàn lè bínú tán. Mo kí i pé yóò rí òmíràn pa, mo sì lọ sílé lọ ronú.

Kí ni iyì nọ́ńbà? Ní àwọn ilẹ̀ tí òwò ọkọ̀ àtijọ́ ti gbilẹ̀, wọ́n a máa fojú ọ̀tọ̀ wo ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tó bá a kúrò nílé-iṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ní Gaydon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìṣura ọkọ̀ kan wà tó ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Morris, Austin àti MG lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní Morris Minor lè san owó fún wọn kí wọ́n kọ ìwé ẹ̀rí fún un, èyí tí yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi sínú rẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ra Corvette àtijọ́ a máa wo ojú irin pẹlẹbẹ kan lára ẹ́ńjìnnì, níbi tí ilé-iṣẹ́ tẹ nọ́ńbà sí, bíi pé ojú òṣùwọ̀n góòlù ni wọ́n ń wò. Ní Maranello, ní ilẹ̀ Ítálì, ilé-iṣẹ́ Ferrari ní ẹ̀ka kan tó ń yẹ ọkọ̀ àtijọ́ wò bóyá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ó yẹ kó jẹ́, wọ́n sì tilẹ̀ lè da ilé ẹ́ńjìnnì tuntun, ìyẹn irin tí ohun inú ẹ́ńjìnnì ń gbé inú rẹ̀, fún ọkọ̀ tí tirẹ̀ ti sọnù. Níbẹ̀ yẹn, ènìyàn kò lè bá ẹni tó rí ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ jà bó bá pe owó tó tó kọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n 36 péré ni Ferrari 250 GTO tí wọ́n ṣe láàárín 1962 sí 1964, nígbà tí Ìjàpá tí wọ́n ṣe títí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní Mexico ní 2003 lé ní 21,000,000. Àti pé Volkswagen fúnra wọn kò ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí ohun mímọ́ kan. Wọ́n ní ètò tí onímọ́tò fi lè gbé ẹ́ńjìnnì tó ti gbó wá, kó san àfikún, kó sì gbé èyí tí wọ́n ti tún ṣe lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti pàdánù ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wọn kó tó pé ọdún mẹ́wàá. Láti 1975 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, ní ibi tí àwọn awakọ̀ Èkó ṣì ń pè ní Volks títí dòní, ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ọmọkùnrin yìí ti gbọ́ iye tí wọ́n ń pè lórí irú nǹkan báyìí lókè òkun, ó wá gbé iye ọkọ̀ olówó ńlá lé orí ọkọ̀ olùkọ́. Ibẹ̀ ni òun náà ti ṣìnà, tí òwe rẹ̀ kò sì gbè é: kí wúrà tó jẹ́ wúrà, ó yẹ ká kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n.

Mo padà lọ ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láti bí 40 ọdún, mo sì bẹ ọmọkùnrin náà pé kí á jọ tú u. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì àtijọ́ láìtú u, owó ojú ló ń san. Nọ́ńbà Ìjàpá wà lára ilé ẹ́ńjìnnì, nísàlẹ̀ ibi tí jẹnẹrétọ̀ tó ń fún ọkọ̀ ní iná jókòó sí, ilé ẹ́ńjìnnì náà sì jẹ́ irin fífúyẹ́ tí wọ́n dà ní ìlàjì méjì, tí wọ́n so pọ̀ bí awẹ́ obì. Ohun gbogbo yòókù, láti orí písítìn, silíńdà, hẹ́ẹ̀dì, fáàfù, dé orí kábúrétọ̀, ni ènìyàn lè rà ní tuntun lónìí, tí wọn kò sì ní nọ́ńbà ọkọ̀ kankan lára. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ní àwọn ń ta ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wá fún ọ, ilé ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ni wọ́n ń tà. Bó bá ti sán, tàbí tí ihò tí krankiṣáàfù, irin tí àwọn písítìn ń yí, ń gbé inú rẹ̀ yí ti jẹ kọjá àtúnṣe, nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń tà, èyí tí kò lè gbé ọkọ̀ rìn.

Tiwa kò sán. Hẹ́ẹ̀dì kan ti bàjẹ́, písítìn kẹta ti fọ́ níbi tí orí fáàfù ti gbá a, bẹ́rìǹ gbogbo ti gbó, ihò krankiṣáàfù sì nílò kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ kó tún tọ́. Ọ̀rẹ́ mi ṣírò ohun tí yóò ná wa kó tó padà ṣiṣẹ́, ó sì jẹ́ ₦250,000. Níwọ̀n ìgbà tí irú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bá jẹ́ ₦400,000, irin náà, bí a bá gbójú kúrò lára nọ́ńbà, kò ju ₦150,000 lọ. Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ jiyàn lórí owó bẹ́rìǹ, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni òun náà, ó sì mọ̀ pé a kò purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Mo fi ₦50,000 lé e nítorí ọ́ìlì àti tapólì bàbá rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó lo 40 ọdún nínú gbígbẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí òjò pa, ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ fún ọ láìmọ̀.

Ó wá ku nọ́ńbà. Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà le ni pé ènìyàn kan ṣoṣo ló wúlò fún láyé. Ọmọkùnrin náà kò lè tà á fún ẹlòmíràn ju èmi lọ, nítorí pé kò sí Ìjàpá mìíràn tí ìwé rẹ̀ ní nọ́ńbà yẹn. Èmi náà kò lè rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọjà tó ní olùtà kan àti olùrà kan kò ní iye tí a lè lọ béèrè lọ́jà. Bí mo bá lọ, irin ni tirẹ̀ padà dà. Bí òun bá kọ̀, ọkọ̀ mi yóò máa rìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àlejò títí láé. Nítorí náà, ìbéèrè tó bọ́gbọ́n mu ni èyí: èrè mélòó ni ìpadàpọ̀ wọn mú wá, ta ni ó sì yẹ kó jẹ ẹ́? Ọkùnrin kan tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ní Èkó ti fi ₦3,500,000 lọ̀ mí lórí Ìjàpá náà rí. Mo pè é, mo bi í pé bí nọ́ńbà inú ìwé àti ti ẹ́ńjìnnì bá bára mu ńkọ́. Ó ní òun yóò fi ₦500,000 kún un. N kò ní in lọ́kàn láti tà á, ṣùgbọ́n ó ràn mí lọ́wọ́ láti mọ ohun tí nọ́ńbà jẹ́ lójú ẹni tí kì í ṣe ọmọ bàbá mi. Mo ní kí á pín ₦500,000 náà sí méjì, nítorí pé ọmọkùnrin náà kò lè rí èrè yẹn láìsí ọkọ̀, èmi kò sì lè rí i láìsí ilé ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan yóò sọ pé ìfẹ́ tí mo ní sí ọkọ̀ bàbá mi ju ₦500,000 lọ, pé ó sì yẹ kí n san án. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí mo ní sí bàbá mi kì í ṣe ohun tí ọmọkùnrin náà ṣe, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bu owó lé e. Ẹni tó bá ń wo omijé olùrà kó tó pe owó ti kúrò nínú òwò.

Ẹ jẹ́ kí n dá ẹ̀bi fún àwa olùrà pẹ̀lú, nítorí pé lẹ́tà ọ̀sẹ̀ yẹn kò kan ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó lọ sí Owódé Onírin, tó rí ẹ́ńjìnnì Mercedes rẹ̀ àtijọ́ láàárín òkìtì irin, tó ka nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá a lójú, tó sì fojú bí ẹni pé kò rí nǹkan kan ra gbogbo òkìtì náà ní ìwọ̀n kílò. Títí dòní ló ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nídìí ayò. Wọ́n ní ìmọ̀ ní owó, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lo ọjọ́ méjì láti wá nǹkan káàkiri lábẹ́ oòrùn ní ẹ̀tọ́ láti jèrè lórí àárẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn máa bú mẹkáníìkì tó mọ iyì nọ́ńbà pé olè ni, kó sì máa yin ara rẹ̀ pé òun gbọ́n nígbà tí òun nìkan mọ iyì rẹ̀, n kò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìyẹn. Èmi ì bá sọ fún onírin náà, n ó sì fi nǹkan gidi lé owó kílò.

Ohun tó ń sọ iye nọ́ńbà di eré ọmọdé pátápátá ni ti àwọn tó ń ha nọ́ńbà àtijọ́ kúrò lára irin, tí wọ́n sì ń tẹ òmíràn sí i. Wọ́n ń ṣe é fún Corvette ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń ṣe é níhìn-ín, pàápàá láti fi bo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n jí mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ san owó lórí nọ́ńbà gbọ́dọ̀ nu ibẹ̀ mọ́, kó fi ìka pa á, kó wò ó bóyá ojú irin náà dọ́gba pẹ̀lú àyíká rẹ̀ tàbí ó ti jìn wọlé, bóyá àwọn nọ́ńbà tò bí wọ́n ṣe ń tò nínú ti irú ọdún kan náà, kó sì fi wé ìwé ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ san án láìgba rìsíìtì tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti ìfọwọ́sí olùtà, nítorí pé nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀, ọlọ́pàá sì lè bi í léèrè bí wọ́n ṣe bára wọn pàdé. Bí wọ́n bá ti yọ ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n fi òmíràn sí i, ó yẹ kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò ṣe tirẹ̀ ní 1984, òun ló sì mú kí ìwé rẹ̀ ṣì máa jẹ́rìí sí ẹ́ńjìnnì tí kò sí nínú ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Àìbìkítà rẹ̀ ló ṣe mí lóore yìí.

A fẹnu kò sí ₦450,000. Nígbà tí mo ń ka owó, ọmọkùnrin náà ní òun kò fẹ́ owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ mi báyìí ni òun fẹ́, nítorí pé oníbàárà òun kan ń wá èyí tó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tẹ́tí sí i bó ṣe ń dún, ó sì ní ₦400,000 ni òun náà jẹ́. Mo gbé e fún un, mo fi ₦50,000 lé e, a sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú rìsíìtì kan ṣoṣo, ó fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i.

Ìjàpá bàbá mi wà lórí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin báyìí nínú àgbàlá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò krankiṣáàfù tí mo ti bá pàdé ní Ìbàdàn, irin dúdú ni wọ́n mọ̀ ọ́n gbẹ́, wọ́n sì ń bẹ̀rù irin fífúyẹ́ ti Ìjàpá. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé yín bá mọ ẹni tó ti ṣe é rí, yálà ní Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Ilọrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní mú kí ilé ẹ́ńjìnnì náà sán, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí yín, kí ẹ sì bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.